Ọdún Ìgbín

Ẹ kú òpin ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún á yabo fún gbogbo wa.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń ka àyẹ̀wò ọdún àwọn ẹlòmíràn. Ẹnì kan kọ́lé. Ẹnì kan ti dé Kánádà, ó sì ti ń pariwo òtútù. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń mu gàrí ní yàrá kan náà láyé ọjọ́un di ọ̀jọ̀gbọ́n, aṣọ oyè tó wọ̀ sì gbòòrò débi pé mo kọ́kọ́ rò pé kọ́tìnì ló gbé dání. Èmi ńkọ́? Mo ki abẹ́rẹ́ gíláàsì bọ inú sẹ́ẹ̀lì ìgbín kan ní Ṣágámù, sẹ́ẹ̀lì náà sì fọhùn. Ó tán. Ohun tí mo fi 2025 ṣe nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ nípa oṣù kìíní sí oṣù kẹfà, kó lọ bi ọkọ mi, Bàbá Ìbejì. Mo mọ̀ pé a sanwó ilé ìwé, mo máàkì ìwé ìdánwò títí ojú fi ń ro mí, a sì ra táyà ọkọ̀ méjì. Kódà ọdún yìí ni Awùjalẹ̀ wàjà, ní July 13, lẹ́yìn ọdún 65 lórí ìtẹ́. Gbogbo Ìjẹ̀bú ló mì. Màmá ọkọ mi, tí kò mọ ọba mìíràn láti ìgbà ọmọge rẹ̀, kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó yẹ kí irú ìyẹn jẹ́ òpó ọdún fún ọmọ Ìjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n tí mo bá di ojú, ìgbín ni mo ń rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ Ọ̀gá, ọ̀jọ̀gbọ́n mi nínú iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì yìí. Ọ̀gá kan náà tó lé mi jáde ní yàrá iṣẹ́ nítorí bàtà gogoro ni, tó ní ẹsẹ̀ mi ń mi tábìlì, pé sẹ́ẹ̀lì kò lè fara da ẹni tó ń rìn bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ẹni tó bá jẹ́ àlejò níbí, kó fara balẹ̀ ka àwọn ti àtẹ̀yìnwá. Mi ò lè tún gbogbo ẹ̀ sọ.

Ní Òṣóṣà, ìlú rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, Bàbá NEPA ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó ti Jámánì dé ní 1988, àwọn ará ilé bi í pé kí ló lọ kọ́. Ó ní iná tó ń bẹ nínú sẹ́ẹ̀lì ara. Wọ́n gbọ́ iná, wọn ò dúró gbọ́ ìyókù. Láti ọjọ́ náà, tí iná bá ti lọ ládùúgbò, ẹnì kan á rán ọmọ sí i pé ìgbà wo ni wọ́n máa mú un dé. Ọ̀gá kì í bínú. Á ní kí ọmọ náà lọ sọ fún wọn pé mílífóltì 70 péré ni òun ní lọ́wọ́, kò lè tan gílóòbù.

Ohun tó gbé e dé ìdí iṣẹ́ yẹn gan-an kì í ṣe ẹ̀rín. Ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tí ẹsẹ̀ ń ta bí ẹni tẹ iná, tí kò sì pẹ́ tí wọn ò fi mọ̀ mọ́ bóyá ilẹ̀ ni àwọn tẹ̀ tàbí òfìfo, tí ojú sì ń ṣú wọn díẹ̀díẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn dókítà láti Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun níwájú wọn, ń wádìí àìsàn iṣan yìí (iṣan tó ń gbé ìròyìn láàárín ara àti ọpọlọ ni mò ń wí) ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú. Nígbà tó fi máa di 1969, Òṣóṣà ti wọ inú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn àgbáyé gẹ́gẹ́ bí ibi tí àìsàn náà ti gbilẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n nawọ́ sí, èyí tí wọn ò jẹ́ kó kan dáadáa, tí májèlé sáyánáìdì inú rẹ̀ kò tíì jáde tán. (Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú tí ẹ ti ń dìde jà, ẹ jókòó. Gàrí wa tó kan dáadáa kọ́ là ń wí.) Ní 2000, àwọn olùwádìí mìíràn tún gbé ìwé jáde pé àìsàn náà kò tíì kúrò ní Òṣóṣà.

Ọ̀gá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí dókítà kan wá sílé wọn. Ó ní dókítà náà mú irin ẹlẹ́ẹ̀ka méjì, ó gbá a, irin náà ń kọrin, ó wá fi ìdí rẹ̀ lé kókósẹ̀ ìyá òun. "Ìyá, ṣé ẹ gbọ́ ọ lára?" Ìyá ní rárá. Ó gbé e sí orúnkún. Rárá. Ó gbé e sí egungun àyà, ìyá wá rẹ́rìn-ín, ó ní ó ń rìn òun. Ọ̀gá, tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, béèrè pé ibo ni orin ẹsẹ̀ náà wọlẹ̀ sí kó tó dé orí. Wọ́n ní kó lọ ṣeré níta. Ó lọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe.

Ní ṣókí, nítorí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkẹ́nnẹ́ tó ń bi mí lọ́dọọdún: iná yìí kì í ṣe ti wáyà. Èròjà iyọ̀ méjì ló ń gbé e: pọtásíọ̀mù ló pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, sódíọ̀mù ló pọ̀ níta. Ohun tó ń ya wọ́n sọ́tọ̀ ni ẹ̀rọ kékeré kan lára awọ sẹ́ẹ̀lì, èyí tí Jens Skou ará Denmark ṣàwárí ní 1957: sódíọ̀mù 3 ló ń tì jáde, pọtásíọ̀mù 2 ló ń fà wọlé, kò sinmi tọ̀sán tòru. Pọtásíọ̀mù wá ń yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, nítorí náà inú sẹ́ẹ̀lì tó ń sinmi fi bíi mílífóltì 50 sí 70 (ẹgbẹ̀rún mílífóltì ló wà nínú fóltì kan) relẹ̀ ju ìta lọ. Tí ìròyìn bá fẹ́ kọjá, àwọn ihò sódíọ̀mù á ṣí, sódíọ̀mù á ya wọlé, fóltì á fò sókè kọjá òdo. Lẹ́yìn náà ihò pọtásíọ̀mù á ṣí, yóò sì fà á padà wálẹ̀. Kó tó di pé ẹ ṣẹ́jú, ó ti parí. Bí ẹ ṣe ń ka èyí, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ojú yín.

Àwọn tó kọ́kọ́ ki wáyà bọ inú iṣan kan láti rí i bó ṣe ń fò kọjá òdo ni Hodgkin àti Huxley, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì méjì, ní Plymouth, 1939. Iṣan ẹ̀dá kan nínú òkun ni wọ́n lò, squid ni wọ́n ń pè é, iṣan rẹ̀ kan sì nípọn tó bíi ìdajì mílímítà. Wọ́n fi lẹ́tà kékeré kan ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature, ogun àgbáyé dé, kálukú gba iṣẹ́ ogun lọ. 1952 ni wọ́n tó kó àlàyé náà tán sórí ìwé, 1963 ni wọ́n gba Nobel. Nígbà tó tó àkókò láti ṣe ìṣirò, kọ̀ǹpútà Cambridge kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Huxley fi ẹ̀rọ ìṣirò tí wọ́n ń fọwọ́ yí ṣe é, ó ń yí i fún ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀. Ọ̀gá fẹ́ràn ìtàn yẹn ju Bíbélì lọ, kí Ọlọ́run má ka èyí sí mi lọ́rùn. Ìgbàkígbà tí mo bá kùn nípa iná tàbí ìyanṣẹ́lódì, á ní, "Huxley ò dúró de NEPA. Ìwọ ń sunkún."

Nítorí a ò ní squid ní Rẹ́mọ, ìgbín la lò. Ìgbín wa yìí náà ní sẹ́ẹ̀lì tó tóbi. Tí ẹ bá la orí rẹ̀, ẹ ó rí òrùka iṣan kan tó yí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ká, àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kan sì pupa rúsúrúsú, ẹ lè máa fi máíkírósíkóòpù kékeré kà wọ́n. Ìyá Onígbín ní ọjà kò tíì lóye ọ̀rọ̀ wa títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo máa ń ṣà ìgbín bí ẹni ń ṣà ẹ̀gbà ọrùn, ó ní, "Dókítà, ẹran ni tàbí etùtù?" Mo ní sáyẹ́ǹsì ni. Ó ní owó etùtù ló máa gbà, nítorí àwọn yẹn kì í ná an. Ẹran tó kù kì í ṣòfò ṣá. Màmá ọkọ mi ti fi ṣe ìkọ́kọrẹ́ fún wa débi pé àwọn Ìbejì ti ń béèrè pé ìgbà wo ni mo tún máa ṣiṣẹ́.

Ẹ̀rọ tó ń ka fóltì sẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Ẹ̀rọ Ọ̀gá, tó kó wá láti Jámánì nínú kọ̀ńténà, ni. Ilé ẹ̀kọ́ kan tí mi ò ní dárúkọ kọ "pàǹtí" sí i lára pẹ̀lú ọ̀dà funfun, wọ́n sì ti ń bá àwọn tó ń ra irin àlòkù dúnàádúrà. A gbé e lóru. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnì kan lè máa ka èyí. Bọ̀dá Rédíò ní Màkún ló tú u palẹ̀, ó pààrọ̀ àwọn kàpásítọ̀ tó ti wú, ó ní irú rédíò wo nìyí tí kò ní ìkànnì. Fọkanáísà fún wa ní túùbù kẹ̀kẹ́ àlòkù mẹ́rin, a fẹ́ wọn níwọ̀nba, a gbé òkúta tẹràsó lé wọn lórí, kí tírélà tó ń kọjá lójú títì má baà máa mi sẹ́ẹ̀lì. Wẹ́dà ló ṣe àgò onínẹ́ẹ̀tì tó bò ó. Ó bi mí pé adìẹ mélòó ló máa gbà. Mo ní kò ní gba adìẹ kankan, afẹ́fẹ́ iná ìta ni a ò fẹ́ kó wọlé. Ó wo èmi, ó wo ọkọ mi, ó ní kí ọkọ mi máa tọ́jú mi.

Wáyà fàdákà, alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ló fà á tín-ín-rín fún wa. Ẹ ó rẹ ẹ́ sínú Hypo, Hypo ọlọ́rà tí ẹ fi ń fọ aṣọ funfun, títí yóò fi dúdú díẹ̀ lára. Ìgbà náà ló tó lè gbé fóltì láìyẹ̀. Ẹ fi wáyà yìí sọ́kàn, ó ń bọ̀ wá dá ìjà sílẹ̀.

Oṣù kẹta sí oṣù kẹjọ, ariwo iná nìkan la gbọ́. Iná ìjọba máa ń mì nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì ń wọ inú ẹ̀rọ wa bí ẹni pé ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé. A pa fíríìjì. A pa fáànù. A ní kí yàrá kejì pa ti wọn, wọ́n bú wa. Tí iná bá wá lọ, tí ariwo dáwọ́ dúró, tí a bá ń yọ̀, jẹnẹrétọ̀ onífótókọ́pì á bẹ̀rẹ̀ lójú fèrèsé. Ẹ̀yìn ìgbà tí Bàbá Ìbejì yọ bátìrì ínfátà ilé wa, tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wá láìsọ̀rọ̀, ni ìlà ojú ẹ̀rọ tó tẹ́jú. A sun nínú ooru fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ bá mi kí ọkọ mi.

Sátidé kan ní oṣù kẹsàn-án ni. Ọ̀gá wá láti Òṣóṣà, wọ́n fi àga rọ́bà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, jìnnà sí àgò, ó sì kìlọ̀ fún ara rẹ̀ pé òun ò gbọdọ̀ mira, nítorí ara èèyàn náà ń gbé ariwo iná kiri. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú nígbà náà, kò lè ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ. Ìdí nìyẹn tó fi ní dandan kí Bọ̀dá Rédíò so lasipíkà mọ́ ọn. "Ẹ jẹ́ n gbọ́ ọ," ó ní.

Abẹ́rẹ́ gíláàsì náà, ẹnu rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà. Omi iyọ̀ pọtásíọ̀mù ló kún inú rẹ̀, wáyà fàdákà wọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn. Ẹ ó máa fi bọ́tìnnì yíyí kan sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi tẹ awọ sẹ́ẹ̀lì náà, tí awọ á jìn díẹ̀. Ẹ ò ní tì í mọ́ nígbà náà. Ẹ ó fi ìka kan kan tábìlì, pẹ́ẹ́. Bí mo ṣe kàn án, nọ́ḿbà ojú ẹ̀rọ já láti òdo bọ́ sí -48, lasipíkà sì bú sí i: ta-ta-ta-ta-ta, kò mí.

Àwa yòókù pariwo. Ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè. "Ó farapa," ó ní. "Abẹ́rẹ́ dùn ún. Ẹ fi í sílẹ̀." A dúró. Ta-ta-ta náà ń fà, ó ń fà, nọ́ḿbà ń lọ sí -50, -53, títí ó fi di ta... ta... ta... bí ẹni tó ti jókòó tó ti fẹ̀yìn ti ògiri. Ọ̀gá ò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Ó kàn ń fi ìka rẹ̀ tẹ̀lé e lórí orúnkún. Ọmọ wa tó ń ṣe Másítà fẹ́ gbé fóònù sókè láti ya fídíò, mo fi ojú bá a wí: fóònù náà ń gbé ariwo.

Ó lé ní ìdajì wákàtí kí sẹ́ẹ̀lì náà tó kú. Nígbà tí mo fa abẹ́rẹ́ jáde, ó yẹ kí nọ́ḿbà padà sí òdo. -6 ló dúró sí. Mo rò pé Ọ̀gá ò ní mọ̀, ojú rẹ̀ ò ṣáà dé ibẹ̀. Ó ní, "Ó padà sí mélòó?" Mo ní -6.

Ẹ wò ó, mo rò pé ọkùnrin yìí á sunkún, tàbí ó kéré tán á gbàdúrà fún mi. Ọdún tó ti ń dúró de ohùn yẹn ní ilẹ̀ yìí ju ọjọ́ orí àwọn ọmọ tó wà nínú yàrá náà lọ. Ohun tó ní ni pé, "Wáyà rẹ ò dúdú tó. Padà rẹ ẹ́." Mo ní, "Ẹ má bínú, Ọ̀gá, ooru ni. A pa fáànù, omi ń gbẹ nínú àwo." Ó ní wáyà ni. Mo ní ooru ni. Bí a ṣe jà á dé ibi mọ́tò nìyẹn, tí a tún jà á lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó ń wọ mọ́tò lọ́jọ́ náà ló tó yíjú padà tó ní, "Ìyẹn sẹ́ẹ̀lì dára o." Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu Ọ̀gá, ijó nìyẹn.

Oṣù kọkànlá.

Mo ti kọ ibí yìí, mo ti pa á rẹ́, ẹ má bi mí nígbà mélòó. Ọ̀gá sùn, kò jí. Dókítà ní iná ọkàn rẹ̀ ló dàrú. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní iná ọkàn ní kíláàsì ọdún kejì nìyí o. Mo mọ àwọn ihò rẹ̀ lórúkọ, èyí tó ń ṣí, èyí tó ń tì, mo lè ya gbogbo rẹ̀ sórí pátákó lójú oorun. Mo jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilé wọn, mi ò lè wọlé, mo kàn ń ka orúkọ wọn lọ́kàn bíi wèrè.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ n sọ ti ìnáwó, nítorí Ìjẹ̀bú ni wá. Aṣọ ẹbí jẹ́ àwọ̀ ewé, ó sì sọ mí di gílóòbù orí òpó iná. Ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde jáde pẹ̀lú fìlà kan náà, wọ́n ṣe é bó ṣe yẹ. Alága ìjókòó gba gbohùngbohùn, ó ní ká dìde fún "ọmọ wa tó kàwé iná débi gíga". Bàbá arúgbó kan láti ìsàlẹ̀ ìlú wá dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ òkú fún tàńsífọ́mà tí ìjọba gbé wá sí àdúgbò wọn láyé àtijọ́. Ó ní Ọ̀jọ̀gbọ́n ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ni, pé onírẹ̀lẹ̀ èèyàn ni. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Mọ́mì, ìyàwó Ọ̀gá, wò mí, mo wò wọ́n, a sì rẹ́rìn-ín débi pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rò pé ẹkún ni, wọ́n wá ń rẹ̀ wá lẹ́kún. Kò síbi tí a ti máa bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Tàńsífọ́mà náà ti di tirẹ̀ báyìí.

Mọ́mì kó àwọn ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún mi, páálí méjì. Èyí tó kẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n nínú rẹ̀, àwọn lẹ́tà tóbi bíi ti ọmọdé. Ojú ewé Sátidé yẹn ní ọjọ́, ó ní "ìgbín", ó ní "-53". Nísàlẹ̀ rẹ̀: "Wáyà ni. Kì í gbọ́ràn."

Àwọn tí mo jẹ ní gbèsè ọpẹ́ pọ̀. Bọ̀dá Rédíò, Ọlọ́run á tún tiyín náà ṣe. Fọkanáísà tó kọ̀ láti gbowó túùbù. Màmá, ẹ ṣeun fún ìkọ́kọrẹ́, àti fún alẹ́ tí ẹ kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Bàbá Ìbejì, bátìrì ń bọ̀ nílé, mo ṣèlérí, bóyá ní Ọdún Àjíǹde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi méjèèjì: ọ̀kan ti ń wá fọ́ọ̀mù lọ sí Jámánì, mi ò sì lè bínú, nítorí ibẹ̀ náà ni Ọ̀gá ti kó ẹ̀rọ dé. Mo kàn ń bẹ̀ ẹ́ kó tó lọ kó kọ́ èkejì bí wọ́n ṣe ń fa gíláàsì láìfọ́.

Fún 2026, mi ò ní ṣèlérí ńlá. Ọyẹ́ ti dé, ìgbín ti dí ẹnu ìkarahun wọn, wọ́n ti wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ, Ìyá Onígbín sì ti fi ẹ̀ẹ̀mejì lé owó. Ó ní kí n dúró de òjò. Mi ò ní dúró, mo ti ní díẹ̀ nínú agbọ̀n lẹ́yìn ilé, mò ń fún wọn ní ewé ìbẹ́pẹ àti omi. Nínú oṣù kìíní, mo máa rẹ wáyà fàdákà tuntun sínú Hypo di ọjọ́ kejì, kó dúdú bó ṣe fẹ́, n ó wá tún un ṣe nínú ooru kan náà, láìtan fáànù. Tí nọ́ḿbà ò bá padà sí òdo, ẹ ó gbọ́ ariwo mi láti Ṣágámù dé Òṣóṣà. Tó bá padà, mi ò ní kọ ọ́ síbí.